Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tún GRE ṣe?

Ọmọ Akọka: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní UNILAG, mo sì fẹ́ lọ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Mo ti ṣe GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́. Máàkì mi ti jáde: 160 ní apá èdè, 144 ní ìṣirò, nínú 170. Ìṣirò yìí ò jẹ́ kí n sùn. $220 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Àjọ tí mo kó ni mo fi san ti àkọ́kọ́.

Bàbá Àgbà Yábàá: Rọra, àbúrò. Àwọn ibi tó o fẹ́ kọ̀wé sí, ṣé wọ́n tiẹ̀ ń béèrè rẹ̀? Láti 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìtàn àti lítíréṣọ̀ ti ń yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan ò ní wò ó bó o tilẹ̀ fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ kọ ni kó o kà. TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ńkọ́? Àwọn kan máa ń yọ̀ǹda ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé.

Ìyá Ìbejì: Èmi tún un ṣe o, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń bá ìṣirò jà. Máàkì mẹ́fà péré ló fi gòkè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ojú ìwé kẹtàlá nínú àròkọ tí mo fi ránṣẹ́ ló bi mí léèrè: lẹ́tà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀, níbo ni mo ti rí i? Àròkọ yẹn ni wọ́n ń kà, òun àti lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ rẹ bá kọ láti fi jẹ́rìí rẹ.

Aláròyé: Mi ò gbà tán. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè rẹ̀, máàkì tó wálẹ̀ jù lè di àwáwí fún ẹni tó ń wá fáìlì tó máa yọ. Ṣùgbọ́n apá èdè ni ẹ̀ka ìtàn máa kọ́kọ́ wò, 160 ò sì burú. Bó o bá tún un ṣe, ìwọ lo máa yan èyí tó o fẹ́ fi ránṣẹ́. Má ṣáà ṣe é nílé! Bí mo ṣe ń fi kámẹ́rà yí yàrá ká fún ẹni tó ń ṣọ́ mi, ni Nẹ́pà mú iná lọ.

Ọmọ Akọka: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò: nínú yunifásítì mẹ́fà tí mo fẹ́ kọ̀wé sí, ẹyọ kan ló ṣì ń béèrè rẹ̀. Mi ò tún un ṣe mọ́. Orí kẹta pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi ni mo máa fi ránṣẹ́, lórí ìyanṣẹ́lódì 1945 àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́ta. Ojú ìwé 41 ni, 25 ni wọ́n fẹ́. Ta ló lè bá mi gé e?

Ìyá Ìbejì: Fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yẹn, nìkan ni mi ò ní gé.