Òkúta mi kọ omi! Ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Òkúta yanrìn kẹta rèé tí mo máa gbé lé omi láti wọn bó ṣe ń fà á mu. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ni ò dáa, bẹ́ẹ̀ òun alára kì í wọ láàbù. Òṣùwọ̀n ọ̀hún tún máa ń kú fúnra ẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 1, gíráàmù 5 wọlé. Ìṣẹ́jú 4, 10. Inú mi dùn. Ìṣẹ́jú 16 tí mo ń retí 20, 13 péré! Wákàtí kan, 14. Ihò inú ẹ̀ sì ń gbà tó 40.

Adágún: Washburn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1921: bí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́rin, omi tó wọlé á di ìlọ́po méjì. Tìẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣé ó gbẹ?

Fìtílà: Tèmi ti mu epo rí, mi ò mọ̀. Omi kàn ń yí gbirigbiri lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò!

Olùbéèrè: Kò sí epo níbẹ̀ o. Ó sì gbẹ kanranjangbọn.

Fìtílà: Rì í sómi mọ́jú, kó mu àmuyó.

Adágún: Mọ́jú kẹ̀! Omi á yí afẹ́fẹ́ ká, á há a mọ́ àárín. Àbúrò, báwo lo ṣe gbé e? Ẹ ò kì í sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ!

Olùbéèrè: Ìdí nìkan ló kan omi, kò ju mìlímítà 2 lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é. Afẹ́fẹ́ kàn ń so mọ́ ìdí ẹ̀ wínníwínní bí ilẹ̀kẹ̀. Tí mo bá nù ún, á tún yọ.

Adágún: Ní ìdí? Òkè ló yẹ kó gbà jáde. Kí ló wà lórí òkúta?

Olùbéèrè: Àbẹ́là tí mo yọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ní ká kùn, mo fi orí kún un kí omi má baà gbẹ lọ. Mo rò pé àfikún ò burú.

Fìtílà: Ha! O dí i nímú, o wá ń bi í pé kí ló dé tí kò mí.

Adágún: Bí omi ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ ò ríbi lọ, ó ń fún pọ̀, ó ń ti omi padà. Ihò tóóró ń fa omi, afẹ́fẹ́ ń gba ihò tó fẹ̀ sá wá sísàlẹ̀. Ohun tó ò ń nù nìyẹn.

Olùbéèrè: Ṣé kí n ha orí ẹ̀, kí n yan án gbẹ?

Adágún: Kí àbẹ́là ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọnú ihò? Wá òkúta míì.

Olùbéèrè: Ẹyọ kan ló kù. Ọ̀gá mi ló fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.