Igún ti ń tán lọ ní Ìkòròdú: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Ọmọ Alápatà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Alápatà ni bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ odò ẹran kan ní Ìkòròdú níbí ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo bá ń gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ fún wọn, igún á ti tò sórí páànù bí ẹni wá sípàdé, orí pípá, ojú pọ́n, kò sẹ́ni tí ń lé wọn. Ìfun àti awọ tí ò wúlò tí wọ́n bá dà sẹ́yìn, kí oòrùn tó mú, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ilẹ̀ ti mọ́. Lọ́dún tó kọjá mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, n ò rí ẹyọ kan. Eṣinṣin àti ajá ló gba ibẹ̀.

Láti 2015 ni IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá, ti ka igún ilẹ̀ wa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Wọ́n fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àdúgbò ní Sátidé. Àwọn ìyá lẹ́kùlẹ́jà ń bọ̀, alápatà ń bọ̀, ìmáàmù àti pásítọ̀ náà ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí gbogbo wọn á fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni?

Bàbá Ìjẹdé:
Ọmọ mi, má ti orí òfin ìjọba bẹ̀rẹ̀. Sọ pé "A kì í pa igún", kí o dákẹ́. Àwọn àgbà á bá ọ parí ẹ̀: a kì í jẹ igún, a kì í figún bọrí. Nígbà náà ni kí o wá bi wọ́n pé ta ló ń pa á. Oníṣẹ̀ṣe ni mí. Àìrí igún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Ẹyẹ tó ń bá wa gba ẹbọ, òun la tún ń gé lórí fi ṣe àwúre? Ó ń dùn mí gan-an.

Ọmọ Lẹ́kùlẹ́jà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú ti àwọn ìyá wa láwùjọ. Màmá mi ta orí igún fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì pa ọ̀kan rí. Àwọn tó ń pa á ló máa ń gbé e wá bá wọn nínú àpò. Ohun tó mú wọn jáwọ́ ni májèlé. Inú ẹran ni wọ́n ń fi í sí, tí igún bá jẹ ẹ́, ó kú. Bí èyí tó lé ní 2,000 ṣe kú ní Guinea-Bissau ní 2020 nìyẹn, wọ́n sì gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Irú orí bẹ́ẹ̀ la ń lọ̀ sínú àsèjẹ fún ọmọ èèyàn! Ẹ lọ kí màmá nílé kó tó di Sátidé. Màá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:
Ajá tí ẹ rí yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní Íńdíà, diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù tí igún ń jẹ òkú rẹ̀, ló pa igún wọn, ó lé ní 95 nínú 100. Òkú màlúù wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ń bí sí i, dìgbòlugi sì ń pa èèyàn. 2006 ni wọ́n tó fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ sọ èyí fún àwọn alápatà.

Ọmọ Alápatà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti lọ kí màmá lánàá. Wọ́n mú orí kan tó kù nínú agbọ̀n jáde, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú, okùn pupa ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò tà á mọ́, òun làwọn máa gbé dání wá sípàdé. Bàbá Ìjẹdé, ṣé ẹ lè bá wa débẹ̀? Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.