"Yá", "ṣẹ́" tàbí "tú": èwo ni ká fi kọ́ olùkọ́ ìṣirò ọ̀la?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká pe ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ yọ 27 kúrò nínú 52, ká lè fi tọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sọ́nà. Ẹnì kan ní ká fi "yá" sílẹ̀, torí ó ti mọ́ wa lẹ́nu: "2 ò tó yọ 7, lọ yá 1 wá." Ẹlòmíràn dábàá "ṣẹ́", bí a ṣe ń ṣẹ́ owó.

Èmi ò fara mọ́ "yá" rárá. Ẹni tó bá yá nǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà. Ta ló ń dá 1 yìí padà? Kì í tiẹ̀ ṣe 1 la mú, ẹ̀wá kan ni, inú 52 náà ló sì ti wá. 52 ò dín, kò lé. Ó kàn di ogójì àti méjìlá. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ju "yá" lọ, tí ọmọ bá kọ 35, á ní "o gbàgbé láti yá", á sì fa igi lé e. Bẹ́ẹ̀ 35 yẹn nídìí: ọmọ náà ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 2 kúrò nínú 7, 2 kúrò nínú 5. Ìmọ̀ tí olùkọ́ fi ń rí irú èyí ni Lee Shulman, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ní 1986: kì í ṣe ìṣirò lásán, kì í sì í ṣe ọgbọ́n ìkọ́ni lásán. Nínú ìwádìí Liping Ma, tó fi àwọn olùkọ́ ìṣirò Amẹ́ríkà wé ti Ṣáínà, tó jáde ní 1999, yíyá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Amẹ́ríkà fi ṣàlàyé irú ìyọkúrò yìí. Títú ẹ̀wá, ìyẹn sísọ ẹ̀wá kan di ẹyọ mẹ́wàá, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Ṣáínà fi ṣàlàyé tiwọn.

"Ṣẹ́" sàn ju "yá" lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ní ìkejì tí a lè lò fún àròpọ̀. "Tú" ní "dì". Tí ẹyọ bá pé mẹ́wàá, a dì í di ẹ̀wá kan. Tí ẹyọ ò bá tó yọ, a tú ẹ̀wá kan. Ọmọ lè fi igi kéékèèké àti okùn ṣe méjèèjì kó tó kọ nọ́ńbà kankan, bákan náà sì ni fún ọgọ́rùn-ún tí a tú sí ẹ̀wá mẹ́wàá.

Wọ́n tún ní òǹkà wa ń da ọmọ rú, torí ẹẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ò sọ pé ẹ̀wá méjì àti ẹyọ méje ni. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ: ọgbọ̀n, ó dín mẹ́ta. Yọ 30 kúrò nínú 52, ó ku 22. O ti yọ mẹ́ta jù, fi í padà, 25. A ò tú nǹkan kan! Olùkọ́ tí a kò fi èyí hàn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní mọyì rẹ̀ bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ ṣe é.

Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ tí a máa lò, ká má mú "ìtúpalẹ̀", torí ó ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú lítíréṣọ̀. "Dídì" àti "títú" ni mo fọwọ́ sí.