Báwo ni ẹlẹ́rìí ṣe ń bèèrè ààbò nínú ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí?

Mo kí gbogbo yín o. Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé, ìrànlọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa òfin ni mo sì ń wá. Àwọn agbófinró mú ọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí, wọ́n sì ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá jẹ́rìí, nítorí pé wọ́n wà nínú ọkọ̀ tí àwọn agbébọn dá lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣetán láti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀san ń bà wọ́n gan-an.

Mo mọ̀ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, àti pé abala 232 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 gba adájọ́ láàyè láti fi orúkọ ẹlẹ́rìí pamọ́, tàbí kí ẹlẹ́rìí bojú, tàbí kí ó jẹ́rìí láti orí fídíò. Ṣé agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ bẹ adájọ́ fún ààbò yìí, àbí ẹ̀gbọ́n mi lè gba agbẹjọ́rò tiwọn? Orúkọ wọn ti wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọlọ́pàá: báwo ni a ṣe lè dènà kí ó má dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ kí adájọ́ tó fọwọ́ sí ààbò náà? Bí wọ́n bá sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí Àbújá dípò Adó-Èkìtì, ta ni yóò san owó ọkọ̀?

Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì ní Èkìtì ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni inú ti ń bí ará ìlú, síbẹ̀ ẹ̀rí tó dájú ni mo fẹ́ kí wọ́n fi dá afurasí náà lẹ́jọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti jẹ́rìí nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kó ṣàlàyé fún wa.