Oníbàárà ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í padà wá. Ṣé kí n sanwó ìpolówó ni, àbí kí n dín owó iṣẹ́ mi kù?

Aránṣọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Aránṣọ ni mí. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tí mo ń dá ṣe. Mo mọ iṣẹ́ yìí, n kò fi yangàn. Bí mo bá rán ṣòkòtò, ẹ yí i síta wò, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá mi gan-an máa ń fi iṣẹ́ mi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe mí ni pé oníbàárà ń wá, wọn kì í dúró. Ẹni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, agbára káká ni mo fi ń rí i mọ́. Mo sì ti polówó títí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé àwòrán sórí Facebook àti WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ nígbà mìíràn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó sú mi, mo dáwọ́ dúró. Nígbà tí iṣẹ́ dá, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí orúkọ iṣẹ́ mi padà lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹnì kan sọ pé ti àkọ́kọ́ kò dùn létí. Aṣọ ọmọdé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sórí aṣọ obìnrin, ní báyìí ohun tó bá ti wá ni mò ń rán.

Lóṣù tó kọjá, mo rí aránṣọ kan tó ń gbé àwòrán aṣọ tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde bí ẹni pé òun ló rán an. Wọ́n sì ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà náà kúkú sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi polówó lórí Facebook ni, àbí kí n dín owó iṣẹ́ kù kí n máa fi èyí tó wà nílẹ̀ gbé ara mi ró? Kò tó ṣe méjèèjì.

Onídìrí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Ní tèmi o, ẹ dín owó kù fún oṣù kan ná. Àwọn tó ti lọ á gbọ́, wọ́n á padà wá. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ dá lọ́dọ̀ mi, ó sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.

Bàbá Káfíńtà

Onídìrí, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n n kò bá ọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀ kì í rí ara rẹ̀ rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹni tó tìtorí owó kékeré wá, ọjọ́ tó bá rí ẹni tí owó tirẹ̀ tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa lọ.

Ìwọ ọmọ mi tó ń ránṣọ, mo ní ìbéèrè kan kí n tó sọ tẹnu mi. Aṣọ tí o bá gbà, tí o ní kí wọ́n wá gbà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ọjọ́ Ẹtì ló máa ń tó wọn lọ́wọ́? Dá mi lóhùn bó ṣe rí gan-an. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà.

Ní ti òótọ́ tó dọ́jà tó kùtà, mo mọ òwe náà. Àwọn àgbà yẹn náà ló sọ pé ogún ọdún tí irọ́ ti ń lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ó bá èmi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún obìnrin kan. Igi tí mo fi kàn án kò tíì gbẹ tán, mo sì mọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń kánjú, èmi náà ń kánjú sówó. Ó bi mí pé ṣé igi yìí gbẹ, mo ní ó gbẹ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí igi fi gbẹ tán nínú ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọ́, kò ṣeé tì mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ó ti ká bébà, ó fi há ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kó má baà máa ṣí. Bébà yẹn ló dùn mí jù. Ó ti ń gbìyànjú láti fara da ìyà tí mo fi jẹ ẹ́.

Mo ti ro irọ́ tí mo máa pa lójú ọ̀nà, pé omi ló ta sí i. N kò lè sọ ọ́ mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé igi náà kò gbẹ nígbà tí mo kàn án. Mo tú ilẹ̀kùn méjèèjì, mo fi igi gbígbẹ kan òmíràn, n kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún. Títí di òní, bó bá ń darí ènìyàn sọ́dọ̀ mi, kì í sọ pé mo mọ iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó máa sọ fún ẹ."

Aránṣọ

Bàbá, ibi tó ń dùn mí lẹ fọwọ́ bà. Rárá, kì í tó wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́ o. Bí ènìyàn bá dúró níwájú mi tó ní ọjọ́ Ẹtì lòun fẹ́ aṣọ òun, ẹnu mi kì í gbà láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé á gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó bá yá, aṣọ mẹ́fà á dúró dè mí lọ́jọ́ kan náà, èmi nìkan, máṣìnì kan. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá jáde, wọ́n máa ń yìn ín, mo sì rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Oníbàárà

Èmi kì í ta nǹkan kan. Èmi ni mò ń gbé aṣọ fún aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Aránṣọ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dáa gan-an. Mo gbé aṣọ fún un, ó ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ pé, mo pè é, ó ní ó ku bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kẹfà, mo lọ bá a láìsọ fún un. Aṣọ mi wà lábẹ́ tábìlì, nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá. Àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án. Bébà tó kọ ìwọ̀n mi sí ṣì wà lára rẹ̀, níbi tó fi abẹ́rẹ́ há a sí níṣojú mi.

N kò pariwo. Mo mú aṣọ mi, mo kí i, mo lọ. Bóyá ló mọ ìdí tí n kò fi padà wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, àǹtí: ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ̀rọ̀, a kàn ń lọ ni. Ẹni tó bá dúró tó bá yín jà, ẹ fọwọ́ rọra mú un, ó ṣì fẹ́ kí ẹ ṣe é dáadáa. Ká ní aránṣọ yẹn sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ǹ bá dúró dè é.

Atẹ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Facebook, torí mo ti sanwó fún un rí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè yan agbègbè tó máa dé, irú ọjọ́ orí àwọn tó máa rí i, àti iye tí ẹ fẹ́ ná lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń gbé ènìyàn dé. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí báyìí, fífi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni. Ẹ tọ́jú owó yẹn ná.

Ní ti WhatsApp, wákàtí 24 ni ohun tí a bá gbé sórí status ń lò kó tó pòórá. Ẹni tó bá gbé mẹ́ta síbẹ̀ lónìí tó sì dákẹ́ fún oṣù kan, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tó fi hàn pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, bó bá ti lè jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mú èyí tí agbára yín gbé, tí ẹ lè máa ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ àti nígbà tó bá dá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Broadcast orí WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn 256 ni àkójọ kan lè gbà, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹ ó máa rò pé ẹ ti ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, afẹ́fẹ́ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá wá gba aṣọ tí inú rẹ̀ ń dùn, ìgbà yẹn ni kí ẹ ní kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ níṣojú yín. Orúkọ tó bá fi pamọ́ ni yóò máa wá. Ẹ̀yin ti wá yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ má gbé àwòrán iṣẹ́ oníṣẹ́ jáde. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá mú àwòrán yẹn wá tó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́, kí lẹ fẹ́ sọ? Inú ṣòkòtò tí ẹ sọ pé ó mọ́ yẹn, òun ni kí ẹ yà. N kò tíì rí aránṣọ tó ń fi inú aṣọ han ènìyàn.

Olùkọ́ Ìṣòwò

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí àbúrò wa bi àwọn tó lọ léèrè, kó má máa méfò. Kó sì ṣọ́ bó ṣe máa bi wọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, iléeṣẹ́ Coca-Cola yí bí ohun mímu wọn ṣe ń dùn padà. Kí wọ́n tó ṣe é, nǹkan bí ènìyàn 200,000 ni wọ́n ti fún ní tuntun tọ́ wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì sọ pé tuntun dùn ju ti àtijọ́ lọ. Ó jáde tán, ariwo sọ, ìpè ìbínú kò dáwọ́ dúró, nígbà tó di ọjọ́ 79 wọ́n kéde pé àwọn ń dá ti àtijọ́ padà. Wọ́n ti béèrè èwo ló dùn jù. Wọn kò sọ fún àwọn tó tọ́ ọ wò pé bí wọ́n bá mú tuntun, wọn kò ní rí ti àtijọ́ mọ́.

Bí ẹ bá pe ènìyàn tí ẹ ní, "Ṣé ẹ gbádùn iṣẹ́ mi?", á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú. Ẹ bi í pé, "Nígbà tí ẹ gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi, kí ló ni yín lára jù?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ẹ má wí àwíjàre, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde.

Onídìrí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà fún Bàbá. Òótọ́ ni pé àwọn tó wá lóṣù tí mo dín owó yẹn kò dúró nígbà tí mo dá a padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan: gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ kọ́ lẹ máa ṣe o. Ẹnì kan ní kí n máa ṣí ní aago márùn-ún ìdájí nítorí òun, mo ṣe é, òun gan-an kò wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ẹnì kan bá sọ nǹkan, ẹ gbọ́. Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sọ nǹkan kan náà, ẹ dìde.

Aránṣọ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo pe ènìyàn mọ́kànlá, méje gbé e. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo pe ẹni àkọ́kọ́.

Mẹ́rin nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀kan ní òun wá mi títí lórí fóònù òun, orúkọ àkọ́kọ́ ni òun fi pamọ́, nígbà tí òun rí orúkọ mìíràn òun rò pé mo ti ta nọ́ńbà náà ni. Ìyẹn bọ́ sí ibi tí Atẹ̀wé sọ. Mo ti padà sórí orúkọ àkọ́kọ́.

Èyí tí n kò retí ni ti àwọn méjì tó kù, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì mọ ara wọn. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wọ̀n wọ́n. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, torí náà ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, n kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì rí. Ọ̀kan ní mo ń ka ìwọ̀n ìdí òun sókè ketekete, àwọn ọkùnrin sì ń kọjá lọ. Ó ní ojú ti òun débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró gba ìwọ̀n tán. Ọdún mẹ́ta! Mo sunkún lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ti ta okùn sí igun yàrá, mo fi aṣọ ìkélé kọ́ ọ, mo gbé iná sí ibẹ̀. N kì í ka ìwọ̀n sókè mọ́, ńṣe ni mò ń kọ ọ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, aṣọ mẹ́ta ni mò ń kọ sí ọjọ́ kan, bó bá ti pé mẹ́ta, n ó ní kí ẹni tó tẹ̀ lé e mú ọjọ́ mìíràn. Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn méjì gbé aṣọ wọn lọ nítorí pé ọjọ́ náà jìn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn márùn-ún dúró. Aṣọ kan fẹ́ pẹ́ nítorí síìpù, mo sì ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." N kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀ gbà rí.

Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn yà lọ́sàn-án òní. Kò gbé aṣọ wá, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ó wo igun náà, ó fọwọ́ kan aṣọ ìkélé, ó ní ìwọ̀n òun ti àtijọ́ ti yí padà, ṣé mo lè wọ̀n òun lọ́tun. Mo mú téèpù.