Caseload ń pọ̀ sí i, yúníọ̀nù ní ká sáìnì: ẹ̀yin tíṣà special ed, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Illinois): Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe tíṣà níbí, pàápàá special ed (ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́). Físà H-1B, èyí tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìjọba kan. Nígbà tí mo dé, iye ọmọ tí wọ́n kó fún mi ṣeé gbé, àmọ́ tíṣà kan kúrò, wọn ò gba ẹlòmíì, wọ́n pín àwọn ọmọ ẹ̀ fún àwa tó kù, para, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ kíláàsì, tó ń ràn mí lọ́wọ́ náà wọ́n ń yọ ọ́ lọ dí àyè ní kíláàsì míì, IEP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ special ed kọ̀ọ̀kan, wá di ohun tí mò ń kọ lóru lẹ́yìn tí àwọn ìbejì bá sùn. Yúníọ̀nù ti ń gba ìbuwọ́lùwé báyìí, wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ caseload, ìyẹn iye ọmọ tó wà lọ́rùn tíṣà kan, lọ bá bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn ilé ìwé. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i, pé ṣé ẹni tó di ìwé wa mú ni mo fẹ́ lọ bá fa wàhálà. Kí lẹ rí sí i?

Àǹtí Seattle: Àbúrò mi, sáìnì ẹ̀ jàre. Nígbà tá a daṣẹ́ sílẹ̀ ní Seattle ní 2022, owó wà níbẹ̀ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ special ed yìí gan-an ló ká wa lára jù. Ó wà nínú àdéhùn wa pé tí ọmọ bá ti tó iye báyìí, tíṣà àti para báyìí ló gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn. District, ìyẹn àwọn aláṣẹ ilé ìwé ìjọba àdúgbò, wá ní àwọn fẹ́ yọ nọ́ńbà yẹn, pé àwọn fẹ́ da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ kíláàsì gbogbogbòò. Ìdàpọ̀ yẹn ò burú, èmi náà fẹ́ ẹ, àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti kúrò nínú ìwé, kí la máa fi mú wọn? September 7 tó yẹ kí ilé ìwé wọlé la jáde, àwọn ọmọ ò wọlé títí di 14, nọ́ńbà sì dúró sínú àdéhùn.

Ẹ̀gbọ́n Chicago: Ìyá Ìbejì, ẹ sáìnì, àmọ́ ẹ tún bèèrè ìwé kan lọ́wọ́ rep yín, aṣojú yúníọ̀nù: workload plan, ìwé tó sọ ibi tí iṣẹ́ tíṣà special ed gbọ́dọ̀ mọ. Òfin ètò ẹ̀kọ́ Illinois, abala 226.735, ló pàṣẹ fún gbogbo district pé kí wọ́n ní i láti sáà 2009-10, àwọn òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe é, wọn ò lè dá a kọ. Iye orí nìkan kọ́ ni òfin yẹn ń kà o. Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjíròrò yín pẹ̀lú àwọn tíṣà yòókù, ìpàdé IEP, àti ìwé kíkọ òun rípọ́ọ̀tù. Ìdí nìyẹn tínú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá bi tíṣà pé "ọmọ mélòó ló ní?" Ọmọ kan wà tó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ló nílò, òmíì wà tẹ́ ẹ ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀ láti àárọ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi gbé e lọ, ọ̀kan-ọ̀kan làwọn méjèèjì lójú ọ̀gá.

Ẹ gbé bébà, ẹ ro gbogbo ìṣẹ́jú tó wà nínú IEP àwọn ọmọ yín pọ̀, ẹ fi ìpàdé àti ìwé kíkọ kún un, kẹ́ ẹ wá wo wákàtí tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún yín. Tí gbogbo tíṣà special ed ilé ìwé yín bá ṣe tiwọn, kí rep kó o pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá gbé e lọ, wọ́n á ní kò mọ bó ṣe máa ṣètò àkókò ara ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ para lọ tí ọmọ pàdánù ìṣẹ́jú ẹ̀, ẹ kọ ímeèlì sí ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an, torí district lè jẹ ọmọ yẹn ní gbèsè ẹ̀kọ́, orúkọ yín sì ni òbí máa rí lórí ìwé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó iṣẹ́ fún yúníọ̀nù, ẹ kọ ọmọ A, ọmọ B o, FERPA, òfin tó dáàbò bo àṣírí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ò ṣeé fi ṣeré.

Bọ̀dá Houston: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ń gbádùn 😂. Ní Texas níbí, òfin ò gba kí district bá yúníọ̀nù dúnàá-dúrà, ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ ti sọ ẹ̀tọ́ ẹ̀ nù. Àmọ́ òfin kan náà fún wa láyè láti gbé grievance, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, kalẹ̀ nípa iṣẹ́ wa, ká sì mú aṣojú dání, bí aṣojú yẹn ò bá ṣáà ti sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ohun tí à ń lò nìyẹn, tíṣà mélòó kan á kọ tiwọn lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má sì gbàgbé ibi tá a ti ń bọ̀: 2004 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi 8.5% ṣe òṣùwọ̀n iye ọmọ tó yẹ kó wà ní special ed, Houston Chronicle tú u síta ní 2016, ìjọba àpapọ̀ ní ó rú òfin ní 2018. Àwọn ọmọ tí wọ́n dí lọ́nà ti ń wọlé báyìí, ẹ̀tọ́ wọn ni, tíṣà ńkọ́?

Dádì Maryland: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti físà, torí òun gan-an ló ń ba ọkọ Ìyá Ìbejì lẹ́rù. Wíwọ yúníọ̀nù ò ba H-1B jẹ́, ìbuwọ́lùwé náà ò bà á jẹ́, òfin Illinois sì kọ̀ kí wọ́n fìyà jẹ tíṣà torí yúníọ̀nù. Kódà tó bá di ìdaṣẹ́sílẹ̀, òfin ìmígíréṣọ̀n sọ pé ìyẹn nìkan ò lè mú kí status yín, ìyẹn ẹ̀tọ́ yín láti wà níbí, bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi ọjọ́ tẹ́ ẹ fi daṣẹ́ sílẹ̀ kún àkókò físà yín. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni renewal, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ físà yín dọ̀tun. Nínú LCA, ìwé tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé kò sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ níbi iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó ń fi í ránṣẹ́, nítorí náà tí ìwé yín bá ti ń súnmọ́ òpin, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n tètè fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà district. Ẹ sì wò ó bóyá wọ́n yọ owó físà nínú owó yín. Prince George's County níbí ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tíṣà tí wọ́n kó wá látòkèèrè, ní 2011 wọ́n gbà láti dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.2 dọ́là padà fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Háà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti LCA yẹn fún Dádì Ìbejì, ó ní kí n bèèrè ọjọ́ tí renewal wa bọ́ sí ná. Mo sì bèèrè workload plan lọ́wọ́ rep, ó ní òun ò rí i rí, ó ń wá a lọ́wọ́ HR.

Ẹ̀gbọ́n Chicago: Kó bèèrè nínú ímeèlì o, kì í ṣe lẹ́nu. Tí wọ́n bá ní kò sí, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ bá bọ́ọ̀dù.