Àpótí VCD tí bàbá wa fi sílẹ̀: ṣé kí n pa á mọ́ ni, àbí kí n kó o dànù?

Ọmọ Ìsẹ́yìn béèrè:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn tí bàbá wa papòdà, mo bá àpótí kan lábẹ́ ibùsùn wọn tó kún fún fíìmù Yorùbá orí VCD (àwo fíìmù tó ṣáájú DVD), tí n kò sì rí púpọ̀ nínú wọn lórí YouTube. Nígbà tí mo fi ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà láti dà á kọ, ó dé ìdajì, ó kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ DVD tó wà nílé ń gbé e, àfi pé àwòrán a máa fọ́ sí igun wẹ́wẹ́ bó bá ti kan ibi tó ha. Àwọn àbúrò mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ǹjẹ́ VCD fi ohunkóhun sílẹ̀ tó tó wàhálà yìí?

Aláwo Àtijọ́ fèsì:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o dànù. Lóòótọ́, àwòrán VCD kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti DVD lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Philips, Sony, JVC àti Matsushita gbé e jáde ní 1993, wọn kò fi àgádágodo kankan tó ń dènà ìdàkọ sí i, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìdàkọ fi lè tẹ̀ ẹ́, tí fíìmù wa sì fi dé ilé tí síníma kò lè dé láé. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tó ń ṣe páírésì gbà wọlé, ó sì dùn mí títí dòní.

Ní ti kíkọ̀ tó kọ̀, síídì tí a ń kó fáìlì sí ní àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tún àṣìṣe ṣe, ṣùgbọ́n VCD fi àyè náà fún àwòrán: báìtì 2,324 ló kó sí abala kan tó yẹ kó gba 2,048. Nítorí náà, bí àwo bá ha, kọ̀ǹpútà kì í rí ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àwo náà láti àárín lọ sí etí, kí ẹ fi IsoBuster (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwo tó bà jẹ́) kà á, kí ẹ sì fi VLC (ètò tó ń gbé fíìmù) ṣí AVSEQ01.DAT, fáìlì fíìmù náà, tó wà nínú fódà MPEGAV.

Ìyá Onífíìmù fèsì:
Mo ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní nítorí pé àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ ni a fi ní Apá Kìíní àti Apá Kejì, ṣùgbọ́n a ti ń ta apá kejì láti ayé kásẹ́ẹ̀tì, nítorí owó ni. Ohun tó ká mi lára ni pé mo mọ àwọn olùgbéjáde tí kò ní ẹyọ kan nínú iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, orúkọ wọn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti dà á kọ tán, ẹ wá wọn tàbí àwọn ọmọ wọn kàn kí ẹ tó gbé e síta fún aráyé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn fèsì:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti ń kọ orúkọ ẹ̀yìn páálí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.